Gráàvù Tí Bùràímọ̀ Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Gé

Bùràímọ̀, bàbá Nafi, tí ó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní Koko, kì í fojú fo ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ohùn. Ó ti fi bírò pupa tún ìwé ìpè ìgbéyàwó ṣe rí, ó sì dá a padà fún ọkọ ìyàwó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ń kọ́ àwọn ọmọ Anago ní Yorùbá. Faransé ni wọ́n gbọ́ jù, nítorí náà, orúkọ tí wọ́n mọ̀ nílé ìwé ni ó fi ń pe àmì ohùn ìsàlẹ̀ fún wọn: gráàvù.

Ṣùgbọ́n kíláàsì náà ti ń tú ká. Àwọn òbí ní kí ó gba ohùn ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ kí àwọn gbọ́. Bí kò bá dùn ún gbọ́, kíláàsì parí. Ó gba ọ̀dọ̀ Moustapha lọ, ẹni tí ó ń gba orin sílẹ̀ ní Dougouba. Ó sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn bí ẹni tí ó fẹ́ gé e jẹ:

"Ìyá mi ra ọkọ̀ tuntun."

Moustapha nawọ́ sí bọ́tìnnì égaliseur, èyí tí ó ń dín ìró kan kù, tí ó sì ń gbé òmíràn sókè.

"Bàbá Nafi, gráàvù yín ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n gé e."

Bùràímọ̀ fò dìde. "Gé kí ni? Ìyá mi ò ra ọkọ̀ mọ́ nìyẹn, ọkọ ló rà! Ọkọ tuntun! Létí àwọn ọmọdé!"

"Ẹ̀yin náà! Ohùn ìsàlẹ̀, èyí tó ń kùn yẹn, ni mò ń sọ."

"Ohùn ìsàlẹ̀ náà lèmi náà ń sọ!"

Wọn kò gé e. Nígbà tí àwọn òbí péjọ sọ́dọ̀ Moustapha láti gbọ́ ọ, ohùn Bùràímọ̀ ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Sakeenah, ìyá Malick, fọwọ́ dí etí.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá?"

Bàbá kan ti ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bùràímọ̀ rí i pé kíláàsì òun ló ń wọ bàtà yẹn.

"Gé e," ó ní, bí ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n gé òun lẹ́sẹ̀. "Ṣùgbọ́n rọra bá mi ṣe ọkọ̀ o!"

Moustapha yí bọ́tìnnì. Ìkùn náà lọ. Ọ̀rọ̀ jáde ketekete. Sakeenah sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Kí ó tó parí, wọ́n ti gbà pé kíláàsì yóò máa bá a lọ.

Bùràímọ̀ tẹ́tí sí gráàvù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí ó sọnù. Ó wá yíjú sí àwọn òbí, ó yan bí ológun:

"Mo pè wọ́n dáadáa ni. Ọ̀bẹ Moustapha gan-an ò ràn wọ́n."

Moustapha la ẹnu láti ṣàlàyé pé gráàvù tí òun gé kì í ṣe àmì ohùn, ìró tó ń kùn lásán ni. Ó wo ojú Bàbá Nafi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà rẹ̀.