Ìwé Wòlíì àti Ìwé Dókítà

Kíréètì ẹyin mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo ṣubú lulẹ̀ láàárín kéèjì adìyẹ. Ọdún kẹtàlá mi nìyẹn lóko adìyẹ kan nítòsí Ìyànà Ọ̀fà. Sìkírù, ẹni tó ń po oúnjẹ adìyẹ, ló fà mí dìde. Ohun àkọ́kọ́ tó tẹnu mi jáde ni, "Mélòó ló fọ́?"

"Ẹyin lẹ̀ ń bi mí, Bàbá Délé? Ojú yín pọ́n ju pupa ẹyin tó dà sílẹ̀ yìí lọ."

Ibà pọ́njú ni. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti ń fi í pamọ́ bí ẹni jí nǹkan. Lóko wa, ẹni tó bá jókòó sílé, owó ọjọ́ yẹn lọ nìyẹn. Ẹni tó bá sì jókòó pẹ́ jù, ó lè padà wá bá ẹlòmíràn nínú bàtà òjò rẹ̀.

Sìkírù ní òfin ìjọba wà: òṣìṣẹ́ tó bá ṣàìsàn lẹ́tọ̀ọ́ sí owó rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá lọ́dún, kó ṣáà ti mú ìwé dókítà wá.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọwọ́ mi yìí ló ń gún ẹgbẹẹgbẹ̀rún adìyẹ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá kọjú sí èmi, ẹsẹ̀ mi kì í dúró gbọ́ tèmi mọ́.

Nítorí náà, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbà lọ. Aládùúrà ni mí. Wòlíì wa tẹ́ ẹní fún mi lórí ilẹ̀ àánú, ibi tí aláìsàn ti ń gba àdúrà nínú ọgbà ìjọ, mo sùn síbẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta, mo ń mu omi àdúrà. Mo wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ìwé fún mi. Wọ́n kọ ọ́ pé Ẹ̀mí ní kí n sinmi fún ọjọ́ méje, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ìjọ lé e. Òǹtẹ̀ náà tóbi, ó ní ìràwọ̀ nínú. Lójú mi, dókítà wo ló ní irú ẹ̀? Mo fi rán Sìkírù sí Màdáámù, obìnrin tó ń darí oko wa.

Màdáámù pè mí lórí fóònù.

"Bàbá Délé, mo ka ìwé yín. Mo ṣe àmín sí i."

"Ẹ ṣé, mà."

"Ṣùgbọ́n òfin ò dárúkọ Wòlíì. Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé dókítà kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa gba ẹlòmíràn. Àwọn adìyẹ ò ní gbààwẹ̀ dè yín."

Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún Wòlíì, mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n bọ́ sùtánà, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà wọn.

"Ẹ gun ẹ̀yìn mi."

"Bàbá, ìgbàgbọ́ wa ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi, ẹ̀gbẹ́ Bíbélì ló wà."

Nígbà tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ mi nílé ìwòsàn, mo di ọwọ́ Wòlíì mú débi pé nọ́ọ̀sì béèrè èwo nínú àwa méjèèjì ni ara rẹ̀ ò yá. Dókítà ní bí mo bá tún ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀dọ̀ mi lè má gbà. Ó kọ ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà sínú ìwé.

Ọjọ́bọ̀ ni mo mú un dé ọ̀dọ̀ Màdáámù. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Owó yín á pé fún ọjọ́ mẹ́fà yìí."

"Mẹ́ta ti ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́, mà?"

"Ẹ gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹni tó rán yín lọ síbẹ̀."

Ẹ̀rù ló rán mi, ẹ̀rù kì í sì í sanwó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tí ọkọ̀ oko wa ń kó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọjá lójú títì. Látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí ara mi ò bá yá, nǹkan méjì ló máa ń ṣe mí: àìsàn, àti ìrònú ta ló máa gba ipò mi. Lọ́sẹ̀ yẹn, àìsàn nìkan ló ṣe mí. Mo yí ẹ̀gbẹ́ padà, mo tún sùn.