Ìyá Tó Ń Fi Àdúrà Gbé Bàálù

Ní àdúgbò wa ní Akowonjo, ẹni tó fẹ́ wọ bàálù lè gbàgbé ìwé ìrìnnà rẹ̀ sílé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbàgbé Màmá Títí. Ọmọ Èkìtì ni, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì. Bí bàálù rẹ bá ti gbéra, Màmá á dìde dúró ní pálọ̀ rẹ̀, á máa gbàdúrà kíkankíkan, kò sì ní jókòó títí wàá fi balẹ̀. Nítorí náà, ó mọ ọ̀nà òfuurufú bí ẹni mọ ọ̀nà odò. Èkó sí Àbújá, ó lé díẹ̀ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kìlómítà, wákàtí kan àti díẹ̀: ìyẹn ò tó nǹkan. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀: ìyẹn gba kéèyàn jẹun kánú. Ẹni tó bá máa pààrọ̀ bàálù lọ́nà, kó yáa wá ìyá mìíràn.

Ẹ má bi mí bóyá Ọlọ́run bá a dá irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó dúró fún ló ṣá gúnlẹ̀ láyọ̀, orí Màmá sì ń wú.

Ó wá kan Títí fúnra rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe bàálù ló ń ba Màmá lẹ́rù jù. Ẹ̀rù ń bà á pé bí ọmọ náà bá ti dé ọ̀hún, kò ní nílò òun mọ́.

"Màmá, ẹ jókòó o," Títí bẹ̀ ẹ́. "Orúnkún yín ò tíì san."

"Jókòó kẹ̀? Ta ló máa gbé ẹ kọjá aṣálẹ̀? Fi mí sílẹ̀ jàre!"

Bàálù gbéra ní aago mọ́kànlá àárọ̀. Màmá dìde, ó sì figbe ta. Nígbà tó di aago méjìlá, orúnkún ní òun ò gbà. Ó ní kóun kàn fìdí kan àga díẹ̀. Ìgbà tó máa lajú, aago márùn-ún ti fẹ́ẹ̀ lù.

Ó fò dìde, òógùn bò ó. Ta ló gbé ọmọ òun kọjá aṣálẹ̀? Ta ló gbé e kọjá òkun? Ẹkún ló fi gba àdúrà tó kù.

Lẹ́yìn aago mẹ́fà, fóònù dún.

"Màmá, a ti balẹ̀ o! Ẹ kú àdúrà."

"Ṣé... ṣé kò mì jù?"

"Ó mì ní wákàtí àkọ́kọ́, ó sì tún mì gan-an nígbà tó kù díẹ̀ ká balẹ̀. Ṣùgbọ́n àárín yẹn, há! Ó kàn ń rọra lọ ni, mo sùn bí ọmọ ọwọ́. Mo mọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ni àdúrà yín gbóná jù."

Inú Màmá dùn, ojú sì tì í. Gbogbo ọ̀nà tó gbà ṣe ìṣirò náà, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ń mú wá.

Ní ọjọ́ Àìkú, Olúsànyà, ayálégbé òkè, wá dọ̀bálẹ̀. "Màmá, mò ń lọ sí Àbújá láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dìde."

Màmá bi í léèrè. "Ṣé o fẹ́ gúnlẹ̀ láyọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Tóò, máa lọ. Èmi á yáa sùn."