Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Sọdá Odò Nítorí Àǹtí Dúpẹ́

Mo ṣì kéré, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni, nígbà tí Àǹtí Dúpẹ́ sọ fún bàbá mi pé òun ti rí ẹni tí òun máa fẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí ìgbà yẹn. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, Lọ́kọ́ja ṣì wà lábẹ́ Kwara. Félélé tí ilé kún fọ́fọ́ lónìí, igbó ni. Ibẹ̀ la ti ń ṣa igi ìdáná.

Ooru Lọ́kọ́ja kì í ṣeré. Gbogbo ohun tí Òkè Páàtì bá gbà sára lọ́sàn-án, ìrọ̀lẹ́ ló máa tú u lé wa lórí. Ìta la máa ń tẹ́ ẹní sí, ibẹ̀ la ti ń jẹun, ibẹ̀ la sì ti ń ṣe súwè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá Ebira kan ń gbé yàrá iwájú, ìdílé Núpé kan wà lẹ́yìn, Hausa sì ni gbogbo àwa ọmọ fi ń bú ara wa nídìí ẹ̀rọ omi. Bí bàbá mi bá gbọ́ èébú lẹ́nu ẹni, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ méjèèjì lókè. Ẹ̀bẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń gbọ́, ti Àǹtí Dúpẹ́.

Àǹtí Dúpẹ́ ni àbúrò kan ṣoṣo tí bàbá mi ní. Kábà ni ilé wa. Nígbà tí bàbá wọn kú, bàbá mi fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ ṣe akọ̀wé ìjọba, ó sì fi owó oṣù rẹ̀ rán àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ọ̀dọ̀ wa ni Àǹtí ń gbé. Òun ló ń di irun fún mi, òun ló sì ń gúnyán. Ẹ̀gúsí tó bá fi ẹja gbígbẹ sè, ìka là ń lá títí a fi ń sùn.

Etí odò tó ti ń ra ẹja náà ló ti pàdé Akójì, ọmọ Ígálà láti Ṣíntàkù ní òdìkejì omi. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe. Gírísì kì í tán léèékánná rẹ̀, ẹ̀rín kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá mi ní rárá. "A ò mọ ilé wọn, a ò mọ ọ̀nà wọn. Bí o bá ń sunkún ní òdìkejì omi, ta ni yóò gbọ́ ọ?"

Àǹtí kúnlẹ̀. Kò ké, kò jà. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní sá mọ́ yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ ẹlòmíì." Ó dìde, ó lọ gúnyán. Iyán ọjọ́ yẹn kúnná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọdún ń yí lu ọdún, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò níbẹ̀. Tíṣà kan wá láti Ìyàrá pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ọlọ́pàá kan tún wá. Àǹtí bu omi fún wọn, ó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó tán. Ìgbà kan, Akójì ní kí àwọn lọ ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù, kí wọ́n wá máa bẹ bàbá mi lẹ́yìn náà. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí, mo gbé agbọ̀n ẹja dání. Ó ní, "Ẹni tó fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí mi, mi ò lè fi í sílẹ̀ nítorí rẹ. Tí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà mí lé ọ lọ́wọ́, a jọ máa dúró ni."

Akójì gba agbọ̀n ẹja lọ́wọ́ mi. "Ó dáa. A ó dúró."

Lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo ló máa ń dé ẹnu ọ̀nà wa, tó máa kí bàbá mi lédè wa, "Okun o!" Imú ni bàbá mi fi ń dá a lóhùn. Kò sọ fún un rí pé kó wọlé.

Lẹ́yìn náà ni Ìyé, ìyá bàbá mi, wá kí wa láti Kábà. Ó gbọ́ tọ̀tún tòsì, ó wá pe bàbá mi jókòó. "Ṣé o ti dé ilé wọn rí?" Bàbá mi ní òun ò dé ibẹ̀. "O ò dé ibẹ̀, o sì mọ̀ pé kò dáa? Ọmọ mi, kì í ṣe Ígálà lò ń bẹ̀rù. Omi lò ń bẹ̀rù."

Ìyá mi fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Òótọ́ ni: ó ti pẹ́ tí bàbá mi ti ń gbé létí odò, kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ agbádá, ó ní kí n gbé igbá obì tẹ̀ lé òun. Bí ọkọ̀ ṣe kúrò létí odò ló di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìn. Nígbà tí orin tán, omi ò tíì tán, ló bá tún un bẹ̀rẹ̀.

Abẹ́ igi máńgòrò la ti bá bàbá Akójì, àgbàlagbà gíga kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Hausa ni àwọn méjèèjì fi sọ̀rọ̀, nítorí náà mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fún wa lómi, wọ́n kí wa dáadáa. Bàbá mi ṣàlàyé ohun tó gbé e wá. Bàbá àgbà náà mi orí.

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ṣùgbọ́n èmi náà ò gbà."

Bàbá mi la ẹnu, kò lè pa á dé. "Ẹ ò gba àbúrò mi? Kí ló ṣe?" Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwà Àǹtí: ó mọ̀wé, ó mọ oúnjẹ sè, kò gbéraga, kò parọ́ fún òun rí. N kò tíì gbọ́ kí bàbá mi yin ẹnikẹ́ni báyẹn.

Bàbá àgbà náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "N ò sọ pé àbúrò yín ò dáa. Láti ọdún mélòó kan wá ni ọmọ mi ti ń kí yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò ní kó wọlé. Bí mo bá fẹ́ ọmọ yín fún un, ojú wo lẹ máa fi wo àwọn ọmọ-ọmọ mi?"

Bàbá mi dìde. Ó ṣí fìlà. Lójú mi, nínú iyanrìn ilé onílé, bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ pẹ̀lú agbádá rẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti Dúpẹ́. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ẹ́ níyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á."

Bàbá àgbà náà fà á dìde, ó sì ń gbọn iyanrìn kúrò láyà rẹ̀. "Ó tó. Àlejò kì í jẹ iyẹ̀pẹ̀ nílé mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé túwó wá."

Nígbà tí a padà, Àǹtí àti Akójì ti ń dúró létí odò, wọn ò lè wo ara wọn lójú. Bàbá mi sọ̀kalẹ̀. Ó mú ọwọ́ Àǹtí, ó fi í sínú ọwọ́ Akójì, tòun ti gírísì rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Àǹtí tó sunkún.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún kan náà. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú bàbá mi, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, Akójì ló ń gbé e wẹ̀ láràárọ̀, kò jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ ni bàbá mi kú sí.

Ayé ti yí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í dúró de ẹnikẹ́ni, n ò sì dá wọn lẹ́bi. Ìdúró a máa dunni. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, ẹni tó nífẹ̀ẹ́ kì í fi ẹni tó tọ́ ọ sílẹ̀, ẹni tó tọ́ ọ náà sì lè dọ̀bálẹ̀ nítorí rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin fi fọ́tò ọkùnrin kan hàn mí lórí fóònù, ọmọ Kàlàbá. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ gbà?" Mo ní fọ́tò kì í kí èèyàn káàbọ̀. Kó sọ ọ̀nà ilé wọn fún mi. N ò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni, n ò sì ní sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, títí n ó fi jókòó nílé wọn, tí n ó mu omi wọn.