Ìkúnlẹ̀ Rìsíkátù

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fi kọ́ wa ní Ìbàdàn bí a ṣe ń mọ̀ pé iṣẹ́ ń ba ara òṣìṣẹ́ jẹ́, àmọ́ nígbà tí mo padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ó rò pé oyè ni mo lọ jẹ. Nǹkan bí ọdún 1984 ni. Akọ̀wé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mí ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan. Wọ́n ti kọ́ mi pé ṣe ni kí ènìyàn lóṣòó gbé ẹrù nílẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, àti pé ọ̀tá ẹ̀yìn ni tábìlì tó bá rẹlẹ̀ jù. Mo bá fi rúlà wọn gbogbo tábìlì tí àwọn obìnrin ti ń di ọṣẹ sínú páálí. Wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí.

"Àǹtí ti di télọ̀! Ẹ bá wa wọn ti búláòsì náà, mà!"

Tábìlì wọn rẹlẹ̀ lóòótọ́, díẹ̀ ló fi ga ju orúnkún lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà ní òun kò ní pe káfíńtà àfi tí fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò òṣìṣẹ́ tí mo gbà bọ̀ láti Ìbàdàn bá fi hàn pé ara ń dun àwọn ènìyàn. Mo gbé fọ́ọ̀mù lọ bá wọn lẹ́nu iṣẹ́, lójú ara wọn. Rìsíkátù, ọmọ Ìjẹ̀bú-Imùṣin tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù nínú wọn, ni mo kọ́kọ́ kàn.

"Rìsíkátù, báwo ni ara?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mà."

"Ṣé kò sí ibi tó ń dùn ọ́?"

"Àlàáfíà ni, mà. Alihamudulilai."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìrora. Ọmọ Yorùbá wo ló ń fi àìsàn dáhùn ìkíni? Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, síbẹ̀ mo gbé bírò. Nígbà tí n ó fi kan ẹni ìkẹyìn, ara gbogbo wọn ló le. Ọ̀gá kà á, ó ní kí tábìlì wà bó ṣe wà.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé Rìsíkátù kì í kúnlẹ̀ kí mi mọ́. Á kàn tẹrí ba, á di etí tábìlì mú. Ilé tíṣà ni wọ́n ti tọ́ mi ní Odògbolú, mi ò sì gba ìwọ̀sí lọ́wọ́ ẹni tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo dójú tì í níwájú gbogbo wọn.

"Rìsíkátù, ṣé a ti di ẹgbẹ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú."

Ó kúnlẹ̀. Kò lè dìde mọ́. Obìnrin méjì ló gbé e lápá, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún ń bẹ̀ mí. Ohun tí mo ń fi fọ́ọ̀mù wá kiri ló ti ń fi hàn mí ní gbogbo àárọ̀, èmi sì pè é ní àfojúdi. Ojú gbà mí tì.

Rìsíkátù bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ síbi tí wọ́n ti ń jókòó lẹ bébà mọ́ ọṣẹ, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó jókòó síta, ó ń retí. Ọ̀gá pè mí wọlé, ó na fọ́ọ̀mù sí mi.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé òótọ́ ni pé kò sí nǹkan tó ṣe é, àbí o kàn jókòó sí ọ́fíìsì kọ ọ́?"

Tí mo bá ní mo ṣìṣe, iṣẹ́ tèmi ló ń lọ yẹn.

"Òótọ́ ni, sà."

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Ọ̀gá ní àìsàn ilé ni, pé kì í ṣe iṣẹ́ ló fà á, kí Rìsíkátù lọ tọ́jú ara rẹ̀ nílé.

Láti ìgbà náà, mi ò fi bírò bi ẹnikẹ́ni ní "báwo ni ara" mọ́. Ìkọ̀kọ̀ ni mo ń pè wọ́n sí, n ó wá béèrè pé, "Kí lo máa ń ṣe ní èṣí tí o kò lè ṣe mọ́ lọ́dún yìí?" Ọ̀rọ̀ á sì máa jáde. Ohun tí wọ́n sọ ló mú kí káfíńtà wá gbé tábìlì sókè lọ́dún kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ́ àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo lọ sí Imùṣin lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ jẹ́wọ́. Orí ẹní ni mo bá Rìsíkátù. Kí n tó la ẹnu, ó ti ń súre fún mi.

"Mo mọ̀ pé ẹ bá mi bẹ ọ̀gá, mà, kò kàn gbà ni. Ọlọ́run á san án fún yín."

Mo ṣe àmín.