Ọjọ́ Tí A Pààrọ̀ Fóònù

Mo rántí òórùn aṣọ ìbùsùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ nínú oòrùn, nígbà tí mo kúrò ní Goro wá ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan lẹ́bàá títì ní Tchaourou, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan. Àwa méjì là ń tọ́jú yàrá, èmi àti obìnrin àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní tata, ìyẹn àǹtí. Òun ló máa ń pín iṣẹ́ láàárọ̀. Ìsàlẹ̀ ló máa ń fún mi, á fi òkè sílẹ̀ fún ara rẹ̀. N kò béèrè ìdí rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan, patron, ọ̀gá tó ni òtẹ́ẹ̀lì náà, kó fóònù méjì dé. Ó ní ètò kan wà nínú wọn tí yóò máa pín iṣẹ́ dípò tata. Nọ́ńbà yàrá á jáde. Bí a bá wọlé, a ó tẹ ibì kan. Bí a bá parí, a ó tẹ ibòmíràn, á sì yan èyí tó kàn. Ètò náà pàápàá fi mí sí ìsàlẹ̀, ó fi tata sí òkè. Ó yà mí lẹ́nu púpọ̀. Mo gbà pé ojú wà nínú rẹ̀. Èmi òmùgọ̀, mo máa ń gbé e ti ògiri kó lè rí bí mo ṣe ń gbálẹ̀ dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì!

Ní òpin ọ̀sẹ̀, fóònù to orúkọ wa bí ọwọ́ wa ṣe yá sí. Èmi ni mo ṣíwájú. Ọ̀sẹ̀ kejì, èmi náà ni. Mo ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, patron pe tata lójú mi.

“Tata, ó ti ń rẹ̀ yín. Bó bá tún rí báyìí, màá wá ẹlòmíì.”

“Mo gbọ́, patron.” Ó yí padà, ó gun òkè lọ.

Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú, torí mo mọ bí ọwọ́ obìnrin yìí ṣe yá tó. Kí gan-an ni fóònù yìí ń rí? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ní, “Tata, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ fóònù. Mo fẹ́ wò ó bóyá ó dá wa mọ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ yìí, wàhálà ò ní tán lọ́rọ̀ rẹ.” Ó gbé tirẹ̀ fún mi.

Yàrá òkè ni tirẹ̀ ń yàn, mo bá gòkè. Mo ṣí ẹ̀rọ omi, omi ò yọ. Yàrá kejì, omi ò yọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi lágbàlá, mo gbé e gòkè, mo tún sọ̀. Títí di ọ̀sán, yàrá méjì ṣì kù. Tata ti parí ìsàlẹ̀, ó ń ká táwẹ́ẹ̀lì. Fóònù mi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé èmi ni mo yára jù, pé n kò tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo kó fóònù méjèèjì lọ bá patron, tata tẹ̀lé mi. Mo jẹ́wọ́ ohun tí a ṣe, mo sì sọ ti omi òkè fún un.

Ó wo tata. “Omi ò gòkè, ẹ ò sì sọ?”

“Ta ló bi mí? Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá…” Ó gbé ìyókù mì.

Patron dìde, ó pọnmi, ó gbé e gòkè fúnra rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀ kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó tẹ ọkùnrin tó ṣe ètò náà láago ní Parakou, ìyẹn sì fi ìṣẹ́jú kún àkókò gbogbo yàrá òkè. Omi fúnra rẹ̀ pẹ́ kó tó gòkè. Tata kò kúrò níbẹ̀ àfi ìgbà tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó tó, tó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Alafiarou.

Lónìí, èmi ni mò ń sọ fún fóònù bí yóò ṣe pín iṣẹ́ fún àwọn mìíràn. Wọ́n máa ń sọ pé mo gba tata sílẹ̀. Èmi mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni orúkọ mi fi wà lókè, n kò sì bi ẹnikẹ́ni ìdí tí tata fi gbẹ̀yìn.