Wọ́n Fi Ìrìnàjò Wa Ṣe Kókó Àdúrà

Ta ló sọ pé ẹni tó nílé kò gbọdọ̀ sùn nínú àgọ́? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, mo sọ fún Aunty Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, pé a fẹ́ wa mọ́tò gba etí òkun Mexico, níbi tí aṣálẹ̀ ti pàdé omi. A ó máa pàgọ́ sórí iyanrìn, àwọn ọmọ á máa fi pátákó gun ìgbì òkun. Mo ní kí wọ́n fi wá sínú àdúrà.

Aunty gba máìkì.

"Ẹ bá wa gbàdúrà fún ìyàwó wa. Ó fẹ́ kó ọmọ wa lọ sí aginjù."

Mo ní, "Aunty, ìsinmi la ń lọ."

"Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì náà, ogójì ọdún ni wọ́n fi sinmi níbẹ̀."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín.

Nínú mọ́tò, ó ní, "Ṣé ká kúkú gba hòtẹ́ẹ̀lì ní Florida?"

Tómi, ọmọ wa tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí ìgbì yìí, kàn ń wo fèrèsé.

Mo ní, "Daddy Tómi, ẹ máa lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì yín. Àwa ń lọ gun ìgbì."

Ẹ bá mi dá sí i: ṣé òkun ló ń ba ọkọ mi lẹ́rù, àbí ẹnu ayé?