Fúláàṣì Ọrùn Maere

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọrùn Maere, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Àwọn obìnrin yòókù ní erékùṣù Tabiteuea a máa so ìkarahun tàbí àgbélébùú mọ́ ọrùn. Fúláàṣì dúdú kan tí kò ju àtàńpàkò lọ ni Maere fi okùn ìpẹja so mọ́ tirẹ̀. Bí ó bá wọ kòtò láti wa babai, kókò inú ẹrẹ̀, á jù ú sẹ́yìn kí ẹrẹ̀ má bàa kàn án.

Ilé ẹ̀kọ́ ló ń gbálẹ̀ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń nu iyọ̀ òkun kúrò lára kọ̀ǹpútà mẹ́fà kí ọkàn rẹ̀ tó sọ fún un pé òun náà lè di tíṣà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Tarawa, olú ìlú wọn, ń kọ́ èèyàn láti òkèèrè. Wọ́n á fi iṣẹ́ ránṣẹ́, wàá ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, nígbà tó bá parí, wàá tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, wàá sì fi í sínú ọkọ̀ òfurufú. Àmọ́ ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún, wọn kò ní gba tirẹ̀. Maere ti pé méjìdínlógójì.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni hẹ́dímásítà ń pa gbogbo ohun tó wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà rẹ́, kí àwọn ọmọ má bàa fi eré kún inú wọn. Ohun tí Maere bá kọ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ Ajé kì í bá a níbẹ̀. Ó wá tọ Mikaere lọ, ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní káńsù.

“Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe kọ̀ǹpútà lẹ nílò,” ni Mikaere wí. “Ohun tó ń darí kọ̀ǹpútà ni. A lè gbé e sínú fúláàṣì. Ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni tí ẹ bá kì í bọ̀, tiyín ni títí ẹ ó fi yọ ọ́.”

“Bí àlejò tó wọlé tó wá di baálé.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an. Oríṣi méjì ni mo ní. Ọ̀kan dà bí ọkọ̀ kékeré tí à ń fi àjẹ̀ wà. Ó yá, ó fúyẹ́, àmọ́ tí ẹ bá ti fà á gun iyanrìn báyìí, ó ti gbàgbé gbogbo ibi tó lọ. Ẹ ní láti tọ́jú iṣẹ́ yín síbòmíràn. Èkejì dà bí ọkọ̀ ńlá onígbòkun. Ó lọ́ra, gbogbo àyè inú fúláàṣì ló máa gbà, àmọ́ kì í gbàgbé nǹkan kan.”

“Fún mi ní èyí tí kì í gbàgbé. Èmi àti ohun tó ń gbàgbé ti jọ gbé tó.”

“Kékeré lèmi ì bá mú o. Èyí tó ń rántí yìí, tó bá lọ, gbogbo ẹ̀ ló bá a lọ.”

“Ta ló máa gbé e lọ? Ọrùn mi ló máa wà.”

Ó wá ku fúláàṣì. Ṣọ́ọ̀bù kò ní. Ẹnì kan ṣoṣo tí Maere mọ̀ pé ó ní ni Tekaai, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀, Teitia, kú sẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Inú àpótí Teitia ni fúláàṣì náà bá délé. Maere lọ ṣe bubuti, ìtọrọ láàárín ẹbí. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ẹni bá ti bubuti ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni, a kì í sọ pé rárá, a kì í sọ pé dúró ná, a kì í bèèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Àgbọn ni Tekaai ń rin. Ó nu ọwọ́, ó wọlé, ó pẹ́ kó tó jáde. “Gbà,” ló wí. Ẹnu rẹ̀ tún là bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan kún un, ó sì pa á dé.

Ní káńsù, Mikaere ní, “Nǹkan wà nínú ẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ẹ̀ ló máa parẹ́. Ṣé kí n nù ún?”

“Nù ún. Wọ́n ti fún mi.”

Ọdún kan àti oṣù mẹ́sàn-án ni Maere fi ṣiṣẹ́. Tó bá ti gbálẹ̀ tán nírọ̀lẹ́, á ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà tó bá wù ú, ẹ̀rọ á jókòó lọ bí arúgbó, kó tó wá kọ ọ́ sójú pé ẹ káàbọ̀, Maere. Kò sí ẹlòmíràn tó ń kí i bẹ́ẹ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ náà. Iṣẹ́ parí nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó pé ogójì. Mikaere ti lọ ra yíǹkì ìtẹ̀wé ní Tarawa; ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa dé, kí ọkọ̀ òfurufú tó gbéra ní Ọjọ́rú.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn àdúrà, gbogbo abúlé jókòó nínú maneaba, gbọ̀ngàn ìpàdé wọn. Tekaai yíjú sí i láti orí ẹní rẹ̀.

“Maere, mo bubuti fúláàṣì ọrùn rẹ. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ Rutiana, ń pé ọdún kan lọ́la. Orin ni wọ́n fẹ́ kó sí i.”

Bàbá arúgbó kan tó ń wé tábà ní, “Ẹ rọra tú u o. Èmi ti rò pé ó ti hù mọ́ ọn lọ́rùn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n…” ni Maere wí. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fẹ́ tọrọ. Àmọ́ ìyá rẹ̀ jókòó síbẹ̀, àwọn àgbà jókòó síbẹ̀, gbogbo wọn sì ti ń wò ó pé kí ló ń pẹ́ sí. Eyín ló fi tú kókó okùn náà. “Ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n.”

Kò lè tẹ̀lé e lọ sílé lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má bàa ní ó fẹ́ gbà á padà. Ọjọ́ Ajé ilẹ̀ mọ́, ó lọ. Orin ti ń dún. Tekaai ń la inú ẹja.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ fúláàṣì yẹn díẹ̀. Nǹkan mi wà nínú ẹ̀.”

“Orin ló wà nínú ẹ̀. Àná ni ọkọ Rutiana ti nù ún. Ó ní nǹkan kan gba gbogbo àyè, ó bi mí bóyá kí òun nù ún. Mo ní kó nù ún, wọ́n ti fún mi.”

Maere jókòó sórí òkúta wẹ́wẹ́. “Iṣẹ́ tíṣà mi ni. Ọdún kan àti oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí.”

“Ìwọ bi mí?” Tekaai kò gbójú sókè. “Àwòrán Teitia ló wà níbẹ̀, àti ibi tó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ látinú ọkọ̀, tó ń fi ẹ̀wù òtútù ṣe ẹlẹ́yà. Mi ò ní ohùn ẹ̀ níbòmíràn. Mo rò pé wàá yẹ̀ ẹ́ wò, wàá tọ́jú ẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi dúró kó o wá sọ fún mi pé o rí ọkọ mi. Èmi ni mo wá lọ bi Mikaere, ó ní o ní kí òun nù ún.”

“Ẹ ò sọ fún mi.”

“Ìwọ sọ fún mi lánàá?”

“Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?”

Tekaai fọ ọ̀bẹ. “Mo mọ̀ pé nǹkan rẹ wà níbẹ̀. Mi ò bèèrè irú nǹkan tó jẹ́. Bá mi gbé àwo yẹn wá.”

Maere gbé àwo náà fún un. Nígbà tí wọ́n pe ẹbí sí ijó lọ́sàn-án, ó dìde, ó jó.

Ó pé ogójì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tíṣà tuntun dé láti Tarawa, ọmọ ọdún méjìlélógún. Ó bá Maere tó ń fi aṣọ nu kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ sún mọ́ ibi tí wọ́n ń ki fúláàṣì bọ̀.

“Màmá, ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn o. Ẹ lè bà á jẹ́.”

“Mo ti gbọ́, tíṣà,” ni Maere wí, ó sì mú ìgbálẹ̀ rẹ̀.